Bí A Ṣe Lè Fara Da Ìnira Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wọn



Bí ẹ bá ti rí àwa olùbẹ̀wò níwájú yín, ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò owó ni ọkàn yín máa ń lọ sí. Lónìí, a kò mú ìwé ìṣirò dání. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni a bá wá. A kì í ṣe dókítà, a kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹnu àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni a ti gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, lára ìyá kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni a sì ti fi ojú rí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn ìyá náà, nítorí pé ẹ̀bi wà lọ́rùn àwa náà nínú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a lọ yẹ ìwé wò ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà kan. A rí orúkọ ìyá kan tí ń ta èlùbọ́. Ó yá ₦400,000, ó san án déédéé fún oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà kò san kọ́bọ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Kò wá sí ìpàdé, kò sì ránṣẹ́. Àwa fúnra wa ni a fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìgbìmọ̀ pe àwọn onídùúró rẹ̀. Bí òfin ẹgbẹ́ ti wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó béèrè pé, “Kí ló ṣe ìyá yìí?”

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ní kí a kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ni a ti bá a. Ó we gèlè mọ́ orí wálẹ̀ dé iwájú, nítorí pé irun orí rẹ̀ ti re tán, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ náà sì ti lọ. Èékánná rẹ̀ ti dúdú. Ẹnu rẹ̀ bó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀gì tútù nìkan ni ó lè gbé mì. Ó rò pé owó ni a wá gbà. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ bá mi bẹ ẹgbẹ́. Mo ti dá abẹ́rẹ́ ọsibítù yẹn dúró. Tí ara mi bá gbé kánkán díẹ̀, n ó padà sọ́jà, n ó sì san owó yín.”

A bi í pé, “Ìyá, ta ló ní kí ẹ dá a dúró?” Ó ní, “Èmi náà ni. Àìsàn ọ̀hún kò dùn mí, kókó lásán ni mo rí. Oògùn rẹ̀ ló fẹ́ pa mí.”

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yẹn ni ó gbé wa wá síwájú yín. Mẹ́fà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ fún un, mẹ́ta péré ni ó gbà. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn rẹ̀ ni í kọ́kọ́ dunni. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé oògùn ni ọ̀tá òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó dá ìtọ́jú dúró lágbedeméjì ti fi àyè sílẹ̀ fún àrùn náà láti tún gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìnira tí ń lé àwọn ènìyàn sá kúrò nílé ìwòsàn ni ó ní àtúnṣe, bí a bá tètè sọ ọ́.

Ìdí tí oògùn fi ń ni ni lára

Oríṣi ìtọ́jú mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni iṣẹ́ abẹ. Èkejì ni oògùn tí a ń fà sínú iṣan, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní kímò. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ onítànṣán. Ẹ̀kẹrin ni oògùn oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ń gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dókítà ni yóò sọ èyí tí ó bá ti olúkúlùkù mu.

Kímò ni àwọn ènìyàn bẹ̀rù jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ohunkóhun tí ó bá ń yára dàgbà nínú ara. Jẹjẹrẹ ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n irun orí náà ń yára dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ inú ẹnu àti ìfun, àti ẹ̀jẹ̀ tí ara ń ṣe nínú mùdùnmúdùn egungun. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé ọkọ́ tí a fi ń ro èpò lè kan ilá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ilá yóò tún rúwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí kímò bá bàjẹ́ lára ṣe ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ìrìndọ̀, èébì àti egbò ẹnu

Oògùn tí ń dá èébì dúró wà, ó sì ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ má ṣe dúró kí èébì bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, ẹ lò ó ní àkókò tí wọ́n kọ. Bí ọ̀kan kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún dókítà, yóò fún yín ní òmíràn. Ìyá elélùbọ́ wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ léraléra. Oúnjẹ tí ó tutù díẹ̀ kì í ní òórùn púpọ̀ bí èyí tí ń gbóná fíì. Ọ̀gì, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata, ẹyin tí a sè jinná dáadáa àti ẹja tí a lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ máa ń rọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí ń dín àkàrà tàbí tí ń yọ́ epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, kí ó bá wa gbé ìkòkò rẹ̀ jìnnà sí i díẹ̀. Omi mímu ṣe pàtàkì. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò dúró nínú aláìsàn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ní ti egbò ẹnu, ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi máa yọ ẹnu nígbà mélòó kan lójúmọ́, kí ẹ sì tu ú dànù. Ẹ fi pákò sílẹ̀ ná, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀. Ẹ yàgò fún ata, ọsàn kíkan àti ọtí.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń já àwọn ènìyàn láyà. Oògùn kímò kan wà tí ó pupa. Ẹni tí ó bá gbà á lè máa tọ̀ pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ oògùn náà ni. Bí ìtọ̀ bá ṣì ń pupa lẹ́yìn ìyẹn, kí ó fi tó dókítà létí.

Irun orí

Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, irun a máa bẹ̀rẹ̀ sí í re ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Lóòótọ́, èyí kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ọkàn. Láàárín wa, ẹni tí ó bá fárí lójijì, wọn a ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin kan máa ń gé irun wọn mọ́lẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ orí ìrọ̀rí ni wọn yóò ti máa ṣa á. Gèlè, fìlà tàbí irun àtọwọ́dá, èyí tí ó bá wu oníkálukú ni kí ó lò. Irun náà yóò tún hù láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí kímò bá parí.

Ibà: ẹ fi etí sí èyí dáadáa

Nínú gbogbo ohun tí a ó sọ lónìí, bí ẹ bá gbàgbé ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Kímò máa ń dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, ìyẹn àwọn tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kéré jù lọ. Bí ara aláìsàn bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí tẹmómítà, tàbí tí òtútù bá ń mú un tí ó ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.

A mọ àṣà wa. Bí ara bá ti gbóná, a ó ní, “Ibà lásán ni,” a ó sì ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Fún ẹni tí ń gba kímò, ìdúró ọjọ́ kan péré lè gba ẹ̀mí. Kí ó má ṣe kọ́kọ́ lo parasitámọ̀, nítorí pé ó lè mú kí ara tutù lójú, nígbà tí kòkòrò ń ṣiṣẹ́ nínú. Ẹ ra tẹmómítà sílé. Ẹ máa fọ ọwọ́, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ jìnnà sí aláìsàn fún ìgbà díẹ̀. Jẹjẹrẹ kì í ranni o. Àwa ni kí a má baà kó àìsàn ran ẹni tí ó ní in.

Àárẹ̀ àti ìka tí ń kú

Àárẹ̀ kímò kì í ṣe ọ̀lẹ. Oorun nìkan kò lè mú un kúrò. Kí aláìsàn sinmi, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sùn sórí ibùsùn láti àárọ̀ di alẹ́. Ìrìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láti ẹnu ọ̀nà dé ìkóríta kí a sì padà, máa ń dín àárẹ̀ náà kù.

Àwọn oògùn kan máa ń jẹ́ kí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kú, tàbí kí ó máa ta ni bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ kú kò ní tètè mọ̀ bí omi bá gbóná tàbí bí ìgò bá gún un lẹ́sẹ̀. Kí ó máa wọ bàtà, kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Kí ó tètè sọ fún dókítà, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù, ó lè má lọ tán.

Apá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n sábà máa ń yọ nínú àwọn kókó tí ó wà ní abíyá. Àwọn kókó yìí ni omi ara apá ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n, apá lè máa wú, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún. Kí aláìsàn máa na apá bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ọ, kí èjìká má bàa gan. Kí ó fún wọn ní apá kejì bí wọ́n bá fẹ́ wọn ìfúnpá tàbí gún un lábẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá fẹ́ ro oko tàbí kó igi.

Iṣẹ́ tún lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìyá elélùbọ́ wa padà sọ́jà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ó sì gbé àpò èlùbọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, apá náà ti wú. Báńdééjì tí ń fún apá àti ìfọwọ́rajú láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú un rọlẹ̀. Bí apá bá wú, tí ó pọ́n, tí ó sì gbóná pẹ̀lú ibà, kì í ṣe ohun à ń fi òrí pa, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀rọ onítànṣán

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ẹ̀rọ yìí wà. Ó wà ní UCH ní Ìbàdàn, ó sì wà ní ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2019. Lójoojúmọ́, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí kò sí ní ìlú náà ní láti wá ibi tí yóò wọ̀ sí.

Awọ ara lè dúdú, kí ó máa yún ni, kí ó sì bó. Kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ ibẹ̀, kí ó má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á. Kí ó má fi òróró, àdí tàbí bọ́ọ̀mù pa á láìbéèrè. Bùbá òwú tí ó fẹjú ni kí ó wọ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó ti ibi ẹ̀rọ yìí dé lè ta iná náà sí ọmọ lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán náà kì í bá a wálé. Kí ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Oògùn oníhóró

Fún àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé omi ìṣẹ̀dá obìnrin ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ wọn, dókítà lè kọ hóró oògùn kan tí ń jẹ́ Tamoxifen. Ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò ó, nígbà mìíràn títí dé ọdún mẹ́wàá. Ooru òjijì lè máa mú ni, àṣẹ́ lè yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń jù ú nù lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ sọ fún dókítà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn máa ń ṣe ìrànwọ́. Ẹni tí ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún. Bí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá tún rí ẹ̀jẹ̀, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dun ni, tàbí bí èémí kò bá já gaara, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbo

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo. Ilé àgbo ni wọ́n ti tọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n ewé kan wà tí ó ń bá oògùn ilé ìwòsàn jà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú kíndìnrín. Ohunkóhun tí aláìsàn bá ń mu, kí ó sọ fún dókítà láìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá sì ní kí a dá abẹ́rẹ́ dúró kí àgbo òun lè ríṣẹ́ ṣe, ẹ sá fún un.

Ọkọ, ọmọ àti ará ilé

Ẹ̀yin ọkọ, a bẹ̀ yín. Obìnrin tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀ ṣì ni aya yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ará ilé wọ̀ yín létí pé àjẹ́ ló ń jà tàbí pé ìwà rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bí ó bá ń sunkún, ẹ má sọ pé kí ó ṣe ọkàn akin. Ẹ jẹ́ kí ó sun ún. Ẹ rántí pé jẹjẹrẹ ọyàn a máa mú ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Kókó tí ọkùnrin bá rí ní àyà rẹ̀, kí ó lọ fi hàn.

Ohun tí ó kan ẹgbẹ́

Ní 1844, àwọn ènìyàn 28 ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó owó díẹ̀díẹ̀ jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ní 1935, ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1995, àjọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo àgbáyé fi ìlànà keje kún ìlànà wa, èyí tí ó ní kí ẹgbẹ́ máa ṣe ìtọ́jú àwùjọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ta wá ni àwùjọ wa bí kò bá ṣe ẹni tí ó jókòó tì wá ní ìpàdé?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà náà ṣe. Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé, wọ́n sì fi ẹnu kò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Èkíní, wọ́n dá sísan ẹ̀yáwó ìyá náà dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì tún ìyókù pín sí oṣù púpọ̀ sí i, kí ó lè rọrùn. Èkejì, wọ́n fún un lówó ọkọ̀ láti inú owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n yan àwọn obìnrin mẹ́rin tí ń bá a lọ sílé ìwòsàn ní àṣegbà. Ẹ̀kẹrin, ọmọ ẹgbẹ́ kan ń bá a ta èlùbọ́ rẹ̀, ó sì ń jíṣẹ́ owó fún un. Owó ẹgbẹ́ kò ṣòfò, ìyá náà kò sì sá.

Dókítà tí ó padà rí kò bá a jà. Ó yí oògùn èébì rẹ̀ padà, ó fún un ní oògùn ẹnu, ó sì dín ìwọ̀n kímò náà kù díẹ̀. Ìyá náà gba mẹ́ta tí ó kù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lọ sí Ìbàdàn fún ìtànṣán, ó ń lo hóró rẹ̀ báyìí. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán. A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá parí ìtọ́jú ni yóò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àìsàn ni a lè wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìtọ́jú sílẹ̀ nítorí èébì àti nítorí ojú tì í láti sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ní owó ìrànlọ́wọ́ àìsàn nínú òfin ẹgbẹ́ wọn, kí ìpàdé gbogbogbò fọwọ́ sí i, kí ó sì ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò. Òfin 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Kí ẹgbẹ́ béèrè bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè wọlé lápapọ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n dáadáa pé èwo nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni ó wà nínú rẹ̀, èwo ni kò sí.

Ní ti àwa olùbẹ̀wò, a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tiwa. Bí a bá ti rí orúkọ tí kò san owó fún oṣù mẹ́ta, a kì í mú bírò pupa mọ́ kí a tó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé, “Ẹ ti dé ilé rẹ̀?” Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí àyè ẹnìkan tí ó ṣófo ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kí ẹ̀yin méjì dìde lọ kí i. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.